Bí Ẹ Bá Máa Pè Mí Ní Diprotodon

Olóòtú ní kí n kọ èrò mi lórí ohunkóhun tó bá ń jẹ mí lọ́kàn, pé kó ṣáà má jẹ́ lórí ẹ̀wà ilé oúnjẹ, torí èèyàn mẹ́ta ti kọ ìyẹn ní táàmù yìí. Ó dáa. Ẹ̀wà kọ́ ni tèmi. Orúkọ tí wọ́n sọ mí ní hòstẹ́ẹ̀lì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ní táàmù tó kọjá, ọ̀gá wa tó ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì gbé ìwé ńlá kan wá sí kíláàsì, ìwé tó kún fún àwòrán àwọn ẹranko tí kò sí láyé mọ́. Wọ́n ṣí ojú ewé kan, wọ́n ní Diprotodon nìyí, pé òun ló tóbi jù nínú gbogbo ẹran tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn rẹ̀, àwọn bíi kangaroo. (Èmi á máa pè wọ́n ní ẹran alápò níbí, kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn.) Ẹ wo àwòrán: ara bọ̀ọ̀bọ̀, ẹsẹ̀ kúkúrú tó nípọn, imú gbàgẹ̀dẹ̀, ojú kéékèèké. Ẹnì kan pe orúkọ mi láti ẹ̀yìn kíláàsì. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kó tó di àsìkò oúnjẹ alẹ́, orúkọ náà ti dé hòstẹ́ẹ̀lì ṣáájú mi. Wọ́n gé e kúrú, ó di Dípúrò. Àwọn ọmọ JSS 1 gan-an ń pè mí ní Àǹtí Dípúrò, bí ẹni pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún mi.

Mo tóbi. Mi ò ní parọ́. Mo ga ju ọ̀pọ̀ àwọn SS 1 lọ, bẹ́ẹ̀dì mi sì máa ń ké tí mo bá yíra padà lóru. Pé ẹ fi ẹran ńlá pè mí kọ́ ló ń dùn mí. Àlàyé tí ẹ máa ń fi tì í lẹ́yìn ni: "Dípúrò, ẹran tó gọ̀ débi pé ó rì sínú ẹrẹ̀, gbogbo wọn kú tán." Torí pé mo máa ń ronú kí n tó dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. Torí pé èmi ni mo máa ń gbẹ̀yìn tí bẹ́ẹ̀lì asẹ́ńbílì bá lù. Ẹ rí i pé ẹ ti so ọ̀rọ̀ pọ̀: ó tóbi, nítorí náà ó gọ̀, ó gọ̀, nítorí náà ó parun. Mo ní kí n lọ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Sátidé mẹ́ta ni mo fi wà ní láìbìrì nígbà tí ẹ̀yin ń fọṣọ, ọ̀gá wa sì jẹ́ kí n lo kọ̀ǹpútà wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbọ́ èrò mi: irọ́ ni. Ẹran yẹn kò gọ̀, kì í sì í ṣe ìgọ̀ ló pa á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tá à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọsirélíà ni Diprotodon gbé, kò gbé ibòmíràn. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ṣì wà láàyè ni wombat, tó ń gbẹ́ ihò sílẹ̀, àti koala, tó ń sùn lórí igi. Koríko àti ewé ló ń jẹ, kò jẹ ẹran rí. Èjìká rẹ̀ ga tó bíi mítà kan àti ààbọ̀ àti díẹ̀ sí i, ìyẹn bíi 1.8, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó 2,700 kilo. Mo bá yín ṣírò rẹ̀: àpò ìrẹsì oní-50 kilo mẹ́rìnléláàádọ́ta. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọ̀n mí ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, kilo 68 ni mo jẹ́. Irú mi ogójì lẹ máa kó jọ kí ẹ tó rí Diprotodon kan. Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù díẹ̀.

Orúkọ òun náà kì í ṣe òun ló fún ara rẹ̀. Ní ọdún 1830 wọ́n rí egungun nínú ihò òkúta kan ní Wellington, ní New South Wales. Thomas Mitchell, tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba, fi egungun ránṣẹ́ sí òkè òkun, ó sì dé ọwọ́ Richard Owen ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1838 Owen sọ ẹran náà lórúkọ. Egungun àgbọ̀n pẹ̀lú eyín ló wà níwájú rẹ̀, ó bá fi eyín pè é: èdè Gíríìkì ni Diprotodon, ó túmọ̀ sí eyín méjì iwájú. Ẹran tó tó àpò ìrẹsì mẹ́rìnléláàádọ́ta, eyín méjì ni wọ́n rí pè é. Owen kò dé Ọsirélíà rí ní gbogbo ayé rẹ̀. Mi ò bá a jà o, ohun tó rí ló sọ. Àmọ́ ẹ̀yin ńkọ́? Inú dọ́mìtírì kan náà la jọ ń sùn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ yẹn, torí òun ni wọ́n fi ń bú mi jù. Òótọ́ ni pé Diprotodon rì sínú ẹrẹ̀. Ibì kan wà ní ìpínlẹ̀ South Australia tó ń jẹ́ Lake Callabonna. Wọ́n ń pè é ní adágún, àmọ́ omi kì í sábà sí níbẹ̀, iyọ̀ àti amọ̀ ló kún ibẹ̀. Ní 1893 àwọn èèyàn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Adelaide lọ gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n bá egungun Diprotodon lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú amọ̀ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, torí amọ̀ ti di ẹsẹ̀ náà mú, kò jẹ́ kó bàjẹ́.

Bí àwọn onímọ̀ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ni pé àwọn ẹran náà gba orí adágún náà kọjá nígbà tí omi ti lọ sílẹ̀. Òkè rẹ̀ gbẹ, ó le, ó jọ ilẹ̀ gidi. Amọ̀ tútù wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹran ńlá gun orí rẹ̀, èèpo ilẹ̀ yẹn já, ẹsẹ̀ wọlé. Bó ṣe ń jà láti yọ ọ́ ló túbọ̀ ń wọlé.

Ṣé ẹ rántí ọkọ̀ tó ń kó igi ìdáná wá fún ilé oúnjẹ ní táàmù kẹta ọdún tó kọjá? Ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù ló gbà. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ lójú gbogbo wa, èmi gan-an ti rìn níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọkọ̀ dé àárín, táyà ẹ̀yìn wọlé dé ìdajì. Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe dírẹ́bà ní òmùgọ̀. Ẹ bá a kẹ́dùn ni, àwọn sínìọ̀ lọ bá a wa ilẹ̀, wọ́n tiẹ̀ bu gàrí fún un. Dírẹ́bà tó ní ojú, tó ní mọ́tòbọ́ìsì, tó ní fóònù. Ẹ wá ń fi ẹrẹ̀ bú ẹran tí kò ní ẹnì kankan tó máa bá a wa ilẹ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ẹ ò mọ̀. Wọ́n rí abo kan ní Callabonna, egungun ọmọ kékeré sì wà ní ibi tí àpò rẹ̀ yẹ kó wà. Ọmọ wà lára rẹ̀ nígbà tó rì. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo pa ìwé náà dé, mo jáde síta fún ìgbà díẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnì kan bá ti sọ pé "Dípúrò rì sẹ́rẹ̀" tó sì ń rẹ́rìn-ín, ara mi kì í gbà á mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ máa ń jókòó ní prep ní kí n má fi èyí tó dára nìkan hàn yín, pé kí n sọ̀rọ̀ nípa ọpọlọ. Kò burú. Orí Diprotodon tóbi gan-an, àmọ́ ọpọlọ inú rẹ̀ kéré. Ọ̀pọ̀ ibi nínú egungun orí yẹn jẹ́ ihò afẹ́fẹ́, èyí tó jẹ́ kí orí ńlá náà má wúwo jù, tó sì fún iṣan tó fi ń jẹun láyè. Nítorí náà, ọpọlọ kékeré ni, mo gbà. Ẹ gbọ́ ohun tí ọpọlọ kékeré yẹn ń ṣe.

Eyín iwájú Diprotodon kì í dẹ́kun láti máa hù, bíi ti eku. Bó ṣe ń hù, ohun tí ẹran náà ń jẹ ń fi àmì sínú rẹ̀ ní ìpele ìpele. Nǹkan kan wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní strontium, koríko máa ń fà á mu, ẹran á jẹ koríko, á dé inú eyín. Ti ilẹ̀ ibí kò sì bá ti ilẹ̀ ọ̀hún mu. Ní 2017, Gilbert Price ti Yunifásítì Queensland àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yẹ eyín kan wò láti ìpele dé ìpele, eyín tí wọ́n rí ní Darling Downs. Wọ́n rí i pé lọ́dọọdún ni ẹran yẹn máa ń kúrò ní ibì kan lọ sí ibòmíràn, á sì padà wá sí ibi tó ti kúrò, nǹkan bí 200 kilomita ní àlọ àti àbọ̀. Ọdún dé, ó tún lọ. Nínú gbogbo ẹran alápò, àtèyí tó wà láàyè àtèyí tó ti kú, òun nìkan ni wọ́n tíì rí ẹ̀rí rẹ̀ pé ó ń ṣe irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Kangaroo tí ẹ̀ ń pariwo rẹ̀ kò ṣe é. Kò sí máàpù, kò sí ẹni tó ń lu bẹ́ẹ̀lì fún un. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó lọ, ó sì mọ̀nà. Àwọn kan nínú wa ṣì ń ṣìnà sí láàbù, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ó dáa, tí kò bá gọ̀, kí ló wá pa á? Ibi tí mo ti bá ọ̀gá wa jiyàn nìyí, wọ́n sì gbà kí n kọ ọ́. Ó tó nǹkan bí ọdún 40,000 sẹ́yìn tí Diprotodon ti tán. Àwọn èèyàn sì ti dé Ọsirélíà láti nǹkan bí 50,000 ọdún sẹ́yìn, ó kéré tán. Àwọn onímọ̀ pín sí méjì lórí rẹ̀, wọn ò sì tíì parí ìjà náà. Àwọn kan ní ojú ọjọ́ ló yí padà, ilẹ̀ gbẹ, oúnjẹ wọ́n. Àwọn kan ní àwọn èèyàn ló ń dọdẹ rẹ̀, tí wọ́n sì ń sun igbó. Ọ̀gá wa fara mọ́ ojú ọjọ́. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ọdẹ ló pa á tán, ibo ni ibi tí wọ́n ti pa á wà? Ibo ni egungun tí ọ̀kọ̀ wà lára rẹ̀? Òótọ́ ni, kò tíì sí irú egungun bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí.

Àmọ́ èmi ní ìbéèrè temi. Ó ju mílíọ̀nù ọdún kan lọ tí Diprotodon ti wà láyé. Láàárín ìgbà yẹn, òtútù ńlá wá, ó lọ, ọ̀dá wá, ó lọ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ó la gbogbo rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ti la ogún ọ̀dá kọjá, kí ló dé tó jẹ́ pé èyí tó tẹ̀ lé dídé èèyàn ló pa á? Ọ̀gá wa ní bóyá ọ̀dá ìkẹyìn yẹn le ju àwọn tó kù lọ. Ó ṣeé ṣe. Èmi rò pé méjèèjì ni, ọ̀dá kó wọn jọ sí ibi tí omi kù sí, èèyàn sì wà létí omi.

Pé wọ́n jọ gbé ilẹ̀ kan náà, ìyẹn ti dájú. Ihò àpáta kan wà ní Flinders Ranges tó ń jẹ́ Warratyi, níbi tí àwọn èèyàn ti gbé láti bíi 49,000 ọdún sẹ́yìn. Ní 2016 ni wọ́n kéde ohun tí wọ́n rí níbẹ̀: egungun Diprotodon kékeré kan wà láàárín ohun èlò àwọn èèyàn náà. Ibẹ̀ ga, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kò jọ ibi tí irú ẹran bẹ́ẹ̀ máa fúnra rẹ̀ gùn. Èèyàn ló gbé e débẹ̀. (Ẹ máa fẹ́ràn èyí: wọ́n rí ibẹ̀ torí pé Clifford Coulthard, àgbà kan nínú àwọn Adnyamathanha tó ni ilẹ̀ náà, sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti lọ ṣe gáà. Ó rìn lọ díẹ̀, ó rí omi, ó rí àwòrán lára òkúta. Òun àti Giles Hamm, onímọ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, bá tẹ̀ lé e dé ihò náà. Mi ò fi ṣeré.)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rò pé mo ń pe àwọn èèyàn yẹn ní ìkà. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n wá oúnjẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò gba kí èèyàn pa ẹran púpọ̀ kó tó pa á run, tí ẹran náà bá jẹ́ èyí tí kì í tètè bímọ. Àwọn onímọ̀ rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni Diprotodon ń bí lẹ́ẹ̀kan, bíi ti wombat, ọmọ yẹn á sì pẹ́ nínú àpò. Bàbá àgbà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà ní kékeré, àwọn ọdẹ máa ń gbé ìgalà wọ̀lú. Nísinsìnyí, ọ̀yà ni wọ́n ṣì máa ń rí. Mo béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ọ̀yà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo mọ iye ọmọ tí ọ̀yà ń bí? Mẹ́rin, márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọdún tó yí á tún bí. Ṣé ọ̀yà gbọ́n ju ìgalà lọ ni? Rárá. Ó bímọ jù ú lọ ni.

Ẹ wo erin. Nígbà tí wọ́n kó wa lọ sí Yankari ní ọdún tó kọjá, a rí mẹ́rin, gbogbo ọkọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, títí kan àwọn tó ń bú mi. Oṣù méjìlélógún ni erin fi ń lóyún, ọmọ kan ló sì ń bí. Yankari wà lára ibi díẹ̀ tó kù ní Nàìjíríà tí èèyàn ti lè rí erin nínú igbó. Nínú ẹgbẹ́ wa níbí, a máa ń fi ohùn ńlá sọ ọ́ pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Mélòó nínú wa ló tíì rí erin kí a tó lọ sí Yankari? Kò sí ẹnì kan. Tí erin bá tán lọ́la, ṣé àwọn ọmọ JSS 2 ìgbà náà á máa sọ pé ó gọ̀ ni, pé ó sanra jù, kò lè sáré? Ó jọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe, torí ó rọrùn láti bú ẹni tó ti kú ju láti béèrè ohun tó pa á.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Mi ò ní kí ẹ má pè mí ní Dípúrò mọ́. Mo ti gbìyànjú ìyẹn ní táàmù tó kọjá, mátírónì sì bá yín wí, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́. Ẹ máa pè mí. Àmọ́ mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa fún ẹran náà ní orúkọ Yorùbá, torí pé èdè tí a fi ń sọ̀rọ̀ erin àti ìgalà lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà. Èmi dábàá Abirìn-ọdọọdún, torí ìrìn rẹ̀, kì í ṣe torí eyín rẹ̀, kì í ṣe torí ikùn rẹ̀. Olùkọ́ wa ti wò ó, wọ́n ní ó lọ. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára ju ìyẹn lọ kó mú un wá sí ìpàdé Ọjọ́bọ̀, a máa dìbò. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ sọ pé ó gọ̀, òun náà kó wá. Mo ti mú àwòrán eyín yẹn dání, mo sì ní ìbéèrè mẹ́ta fún un.